Àáfà Muhammad al-Kishnawi: Ọmọ Katsina Tí Àròpọ̀ Rẹ̀ Kì Í Yẹ̀

  

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n ti lọ, Baghdad àti Damasku ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ni ó ti wá. Àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn ìṣirò káàkiri ayé mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Muhammad ọmọ Muhammad, al-Fullani, al-Kishnawi. Al-Fullani ń sọ fún wa pé Fúlàní ni. Al-Kishnawi ń sọ pé ará Katsina ni. Ìlú Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì ni ó kú sí ní ọdún 1741, lẹ́yìn tí ó ti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní ìmọ̀ tí ó gbé láti ilé lọ.

Ìdí tí a fi mú ìtàn rẹ̀ wá ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni wọ́n ti bá ìṣirò ṣe ọ̀tá. Àwọn kan ní ọpọlọ àwọn kò gbé e. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, kò kan ọmọbìnrin. Àwọn mìíràn sì gbà pé kò sí ohun tí ó pa ìṣirò pọ̀ mọ́ ẹ̀sìn. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìtàn Àáfà yìí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dájọ́.

ERÉ KÉKERÉ KAN

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ ya ilé mẹ́sàn-án sí i, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú rẹ̀:

8   1   6
3   5   7
4   9   2

Ẹ ro ìlà òkè pọ̀: 8, 1 àti 6. Ó jẹ́ 15. Ẹ ro ti àárín: 15. Ẹ ro ti ìsàlẹ̀: 15. Ẹ wá rò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: 8, 3 àti 4 jẹ́ 15, àwọn méjì yòókù náà jẹ́ 15. Ẹ gba ìgun dé ìgun: 8, 5 àti 2, 6, 5 àti 4. Ó tún jẹ́ 15 náà ni. Ọ̀nà mẹ́jọ ni ẹ gbà rò ó, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ já sí, bí ará Èjìgbò tí ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ wálé, tí ẹnì kejì gba Ìwó wálé, tí wọ́n sì pàdé ní ìta ọjà.

Ní èdè Lárúbáwá, wafq ni orúkọ irú nǹkan báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti kéwú dáadáa yóò rántí pé àwọn lẹ́tà Lárúbáwá ní iye tiwọn: álífù jẹ́ 1, báù jẹ́ 2, jíímù jẹ́ 3, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn àáfà àtijọ́ ń fi lẹ́tà kọ wafq dípò nọ́ńbà. Ìmọ̀ yìí ni Àáfà al-Kishnawi fi di ẹni tí ayé mọ̀.

KATSINA NÍ ÌGBÀ AYÉ RẸ̀

Dan Ranko ní ilẹ̀ Katsina ni wọ́n ń so orúkọ Àáfà yìí mọ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ìlú òwò àti ìlú ìmọ̀ ni Katsina. Àwọn oníràkúnmí ń gbé iyọ̀ àti aṣọ wá láti aṣálẹ̀, wọ́n sì ń gbé ìwé wá pẹ̀lú. Àwọn àáfà ibẹ̀ mọ fíkíhì, wọ́n mọ gírámà Lárúbáwá, wọ́n sì mọ ìṣirò ìràwọ̀ àti àkókò.

Kí ẹ má rò pé ìmọ̀ Katsina jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Kí wọ́n tó bí Àáfà al-Kishnawi, onímọ̀ ńlá kan wà ní Katsina tí wọ́n ń pè ní Dan Masani, ẹni tí ó kú ní ọdún 1667. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn láti ilẹ̀ Yorùbá ránṣẹ́ sí i, wọ́n bi í bí ènìyàn ṣe lè mọ àkókò tí oòrùn wọ̀ gan-an. Ó kọ ìwé láti fi dá wọn lóhùn, ó sì fi orúkọ Yorùbá sí àkọlé ìwé náà. Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa ti ń béèrè ìbéèrè ìṣirò nítorí ìrun, ní nǹkan bí ọdún 350 sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí oòrùn wọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí yóò ṣínu?

Inú irú àyíká bẹ́ẹ̀ ni al-Kishnawi dàgbà sí. Ó jókòó níwájú àwọn olùkọ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Muhammad ọmọ Sulayman, onímọ̀ kan láti ìhà Borno àti Bagirmi. Kì í ṣe ìṣirò nìkan ni ó kọ́. Ó kọ́ gírámà, ó kọ́ ìmọ̀ ìrònú tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní mantiq, ó sì padà kọ ìwé lórí méjèèjì. Ní ayé ìgbà náà, wọn kì í pín ìmọ̀ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí a ti ń ṣe lónìí. Ẹni tí ó bá mọ bí gbólóhùn ṣe ń dúró, tí ó sì mọ bí ẹ̀rí ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, kò ní pẹ́ kí ó tó mọ bí nọ́ńbà ṣe ń rìn.

ÌRÌN-ÀJÒ RẸ̀

Nígbà tí ìmọ̀ ilé kún inú rẹ̀, ó gbéra láti lọ sí hájì. Ní nǹkan bí ọdún 1730 ni ó dé Mẹ́kà. Àwa tí ọkọ̀ òfúrufú ń gbé lọ ní wákàtí díẹ̀ kò lè mọ ohun tí ìrìn-àjò yẹn jẹ́. Láti Katsina dé etí òkun Mẹditaréníà, aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó wà láàárín. Ràkúnmí ni ọkọ̀, ìràwọ̀ ni atọ́nà, omi inú awọ sì ni ẹ̀mí. Oṣù ni wọ́n fi ń ka ìrìn náà, kì í ṣe ọjọ́.

Àwa ará Èjìgbò mọ ohun tí àjò jẹ́. Ó ṣòro kí ènìyàn wọ agboolé kan ní ìlú wa, tàbí ní Màsífà, tàbí ní Ìláwó, kí ó má rí ẹni tí ó ní ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní Àbíjà. A mọ bí ọmọ ìlú kan ṣe ń lọ, tí ó gbọ́ èdè àwọn onílé, tí ó sọ ibẹ̀ di ilé, tí kò sì gbàgbé ilé. Òwò ni ó gbé ọ̀pọ̀ àwọn tiwa lọ. Hájì àti ìmọ̀ ni ó gbé Àáfà al-Kishnawi lọ. Ohun tí ó gbé dání kì í ṣe aṣọ títà, kì í ṣe obì. Ìmọ̀ ni, kò sì sí aṣọ́bodè tí ó lè gba owó orí rẹ̀.

Lẹ́yìn hájì, ó dúró ní Káírò. Àwọn ènìyàn ìhà tiwa kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn ará Borno ti kọ́ ilé-ìwé sí ìlú náà fún àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n sì ń kọjá lọ sí hájì. Ṣùgbọ́n al-Kishnawi kò jókòó sí Káírò bí akẹ́kọ̀ọ́ lásán. Ó jókòó bí olùkọ́.

ÌWÉ TÍ Ó KỌ

Ní ọdún 1732 ó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá lórí ìmọ̀ lẹ́tà àti wafq. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní ìpamọ́ ní London títí di òní. Ohun tí ó kọ lé lórí jù ni wafq tí ilé orí ìlà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba: ti oníléemẹ́ta, oníléemárùn-ún, oníléeméje, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ó wà nínú èyí? Ẹ padà sí bébà yín. Láti 1 dé 9, bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, 45 ni yóò jẹ́. Ìlà mẹ́ta ni ó wà. 45 pín sí ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ 15. Nítorí náà, kò sí iye mìíràn tí ìlà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ bí wọn yóò bá dọ́gba. Ẹ mú ti oníléemárùn-ún: láti 1 dé 25 jẹ́ 325, ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún, 65 ni. Ti oníléeméje jẹ́ 175. Òfin kan ni ó kó gbogbo wọn: ẹ mú iye ilé tí ó wà lórí ìlà kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi 1 kún un, ẹ tún fi iye ilé orí ìlà náà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí méjì. Fún mẹ́ta: 9, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 15.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ó yani lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá ní kí a ya wafq tí ó ní ilé 101 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, a kò tíì kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, a ti lè sọ fún un pé ìlà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 515,201. Bébà lè má gbà á, ojú lè má gbé e, ṣùgbọ́n ìṣirò ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa.

Báwo ni a ṣe ń tò ó? Ọ̀nà pọ̀. Èyí tí ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ni èyí: kọ 1 sí àárín ìlà òkè. Nọ́ńbà tí ó bá kàn, gòkè kan, kí o yà sí ọ̀tún kan. Bí o bá jáde lókè, wọlé padà nísàlẹ̀. Bí o bá jáde lọ́tùn-ún, wọlé padà lósì. Bí o bá bá ẹlòmíràn nínú ilé náà, má ṣe bá a jà; padà wá jókòó sí ìsàlẹ̀ ibi tí o ti kúrò. Ẹ fi ọ̀nà yìí dán ti oníléemẹ́ta wò, ẹ ó rí i pé èyí tí a kọ sókè ni yóò jáde. Ẹ fi dán ti oníléemárùn-ún wò lálẹ́ òní, gbogbo ìlà rẹ̀ ni yóò jẹ́ 65.

Láti ara wafq kan, èèyàn lè rí òmíràn. Bí ẹ bá yí bébà náà po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ẹ tún wò ó bí ìgbà tí ó wà nínú dígí, ẹ ó rí mẹ́jọ. Mẹ́jọ yìí nìkan ni ó wà fún oníléemẹ́ta. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ní ìkẹsàn-án, ẹ ní kí ó tún un rò.

Àáfà mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń fúnni ní wàhálà. Nítorí náà, nínú ìwé rẹ̀, ó gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó má sọ̀rètí nù, nítorí pé àìmọ̀kan ni kí ènìyàn sọ̀rètí nù, kò sì bá òfin iṣẹ́ náà mu. Ó fi akẹ́kọ̀ọ́ wé ẹni tí ìfẹ́ mú, tí kò lè rí ohun tí ó ń wá láìsí ìforítì tí kò lópin. Àwọn àgbà wa náà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍ YÚRÓÒPÙ LÁSÌKÒ KAN NÁÀ

Bí Àáfà ṣe ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Káírò nípa àròpọ̀ tí kì í yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ń bá òmíràn wọ̀jà: àròpọ̀ tí kò lópin. Ẹ jẹ́ kí a fi oníjẹgbèsè méjì ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ sọ fún ìyá aláṣọ pé, lónìí òun yóò san náírà kan. Lọ́la, ààbọ̀ náírà. Lọ́túnla, ààbọ̀ ti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun yóò máa san án láìdáwọ́dúró. Ẹnì kejì ní, lónìí òun yóò san náírà kan. Lọ́la, ìdá kan nínú méjì. Lọ́túnla, ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ìdá kan nínú mẹ́rin, láìdáwọ́dúró. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lójú. Àwọn méjèèjì ń san owó tí ó ń kéré sí i. Ta ni kí ìyá náà tà fún?

Ẹni àkọ́kọ́ kò ní san ju náírà méjì lọ láéláé. Bí ó wù kí ó fi ọdún ẹgbẹ̀rún san án, náírà méjì ni yóò máa wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì yóò san gbèsè tí ó bá jẹ, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù! Onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, Nicole Oresme, ti fi ẹ̀rí èyí hàn ní nǹkan bí ọdún 1350. Ó kó wọn ní ìdì: ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin pa pọ̀ ju ààbọ̀ lọ, mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e pa pọ̀ ju ààbọ̀ lọ, mẹ́jọ tí ó tún tẹ̀lé e ju ààbọ̀ lọ. Ààbọ̀ kò sì lè tán nínú rẹ̀.

Ṣé kí ìyá aláṣọ máa yọ̀? Kí ó rọra. Ọjọ́ 83 ni owó rẹ̀ yóò tó ju náírà márùn-ún lọ. Ọjọ́ 12,367 ni yóò tó ju náírà mẹ́wàá lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún 34. Bí gbèsè náà bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà, iye ọjọ́ tí yóò gbà jẹ́ nọ́ńbà tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 44 bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. Olóòótọ́ ni oníjẹgbèsè náà, kò parọ́. Ẹ̀mí àwa ọmọ aráyé ni kò gùn tó òótọ́ rẹ̀.

Àlùfáà ìjọ Páàdì kan sì wà ní ìlú Pisa ní Ítálì, Guido Grandi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1742, ọdún kan péré lẹ́yìn ikú Àáfà wa. Ó béèrè pé: bí a bá mú 1, kí a yọ 1, kí a fi 1 kún un, kí a tún yọ 1, láìlópin, kí ni yóò kù? Bí a bá so wọ́n ní méjìméjì láti ìbẹ̀rẹ̀, òfo ni. Bí a bá fi 1 àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí a tó máa so wọ́n, 1 ni. Grandi ní ààbọ̀ ni. Ó fi àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jogún òkúta iyebíye kan ṣàlàyé: ọ̀kan yóò mú un lọ́dún yìí, èkejì yóò mú un lọ́dún tí ń bọ̀. Ní èdè tiwa, ó dà bí ọmọ bàbá kan náà méjì tí wọ́n jogún kẹ̀kẹ́ kan, tí wọ́n ń gùn ún ní ọjọ́ ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ààbọ̀ kẹ̀kẹ́ ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gun ààbọ̀ kẹ̀kẹ́ rí.

Ibi tí Grandi ti ṣì í rìn ni pé ó fẹ́ fi èyí ṣe ẹ̀rí bí Ọlọ́hun ṣe dá ayé láti inú òfo. Ọlọ́hun kò nílò irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ̀lé e fi yé wa pé àròpọ̀ yẹn kò ní iye gidi ní ọ̀nà tí a gbà ń rò nǹkan pọ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún un ní ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ òfin tuntun tí ó ń lò. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ohun tí ó yani lẹ́nu lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tàn. Òfin àti ẹ̀rí ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọdún 1735, nígbà tí Àáfà ṣì wà láyé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leonhard Euler, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, yanjú àròpọ̀ tí ó ti da àwọn àgbà láàmú fún ohun tí ó lé ní 80 ọdún: 1, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, láìlópin. Ó ní iye tí a fi ń wọn òbírí, tí a ń pè ní pai, ni a ó sọ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí a pín in sí mẹ́fà. Ó jẹ́ nǹkan bí 1.645. Níbo ni òbírí ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹnu ya gbogbo ayé. Euler kan náà sì padà wá sí ọ̀dọ̀ tiwa: ní ọdún 1776 ó kọ ìwé lórí àpótí nọ́ńbà irú èyí tí Àáfà al-Kishnawi ti kọ ní ọdún 44 ṣáájú rẹ̀.

ILÉ TÍ Ó KÚ SÍ

Ní Káírò, Àáfà ní ọ̀rẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Hasan al-Jabarti. Ìdílé Hasan fúnra wọn ṣẹ̀ wá láti ìhà Etiópíà. Hasan kọ́ ìmọ̀ wafq lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mọ ìṣirò àti ìràwọ̀ jù ní Íjíbítì. Ó mọ bí a ti ń ṣe ohun èlò tí a fi òjìji oòrùn mọ àkókò ìrun. Ilé Hasan yìí ni Ọlọ́hun ti pe Àáfà al-Kishnawi ní ọdún 1741, tí í ṣe 1154 lẹ́yìn Hijira. Ọmọ Katsina kú sí ilé ọmọ Etiópíà, ní ìlú àwọn Lárúbáwá. Ìmọ̀ ni ó sọ wọ́n di ẹbí.

Hasan bí ọmọ kan tí ń jẹ́ Abd al-Rahman al-Jabarti, ẹni tí ó wá di òpìtàn ńlá Íjíbítì. Òun ni ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Àáfà wa sínú ìwé rẹ̀, òun náà ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí a mọ̀ lónìí. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọdún 1159 lẹ́yìn Hijira, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Àáfà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti Yúróòpù láti kọ́ ìmọ̀ ìwọ̀n lọ́dọ̀ bàbá òun, wọ́n sì gbé e padà lọ sí ilẹ̀ wọn láti fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo bí ìmọ̀ ṣe ń rìn: ẹni tí ó jókòó níwájú ará Katsina, òun ni ará Yúróòpù wá jókòó níwájú rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FÒ

Òótọ́ kan wà tí ó yẹ kí a sọ. Ní ayé Àáfà, ọ̀pọ̀ ènìyàn so wafq pọ̀ mọ́ àṣírí lẹ́tà àti agbára ìkọ̀kọ̀, ìwé tirẹ̀ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ èyí. Títí di òní, ẹ ó rí àpótí oníléemẹ́ta yìí nínú tírà àti lára wàláà tí wọ́n fọ̀ fún ènìyàn mu bíi hàǹtú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti bá ara wọn jiyàn gidigidi lórí irú èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín.

Ohun tí àwa lè sọ ni èyí: ẹ̀yin tí ẹ ti ya wafq lónìí, tí ẹ ti rò ó pọ̀ ní ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ ti mọ ìdí tí ó fi jẹ́ 15. Nítorí pé 45 pín sí mẹ́ta ni. Bí ẹnì kan bá wá gbé e síwájú ìyá yín, tí ó ní kí ó mú owó ńlá wá nítorí pé àwọn nọ́ńbà náà ń ṣe ohun tí ojú kò rí rí, ẹ rọra mú bírò, kí ẹ ya oníléemárùn-ún fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyanu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyanu tí Ọlọ́hun fi sínú ìṣirò ni, ó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá lè ka òǹkà.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, ìmọ̀ kò ní ìlú kan. Ẹni tí a bí ní Dan Ranko lè di olùkọ́ ní Káírò. Ẹni tí a bí ní Èjìgbò náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ìmọ̀ ìṣirò kò tako ẹ̀sìn. Àwọn àkókò ìrun wa, oṣù àwẹ̀ wa, sàká wa àti pínpín ogún wa, orí ìṣirò ni gbogbo wọn dúró lé. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ogún tiyín náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìdá kan nínú mẹ́jọ àti ìdá kan nínú mẹ́fà, kò sí ẹni tí yóò fi ọgbọ́n jẹ ẹ́ ní ìpín rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ojú kì í mọ òótọ́ nínú ìṣirò. Oníjẹgbèsè méjì jọ ara wọn, ọ̀nà wọn kò jọ. Ẹ béèrè ẹ̀rí kí ẹ tó gbà.

Ẹ̀kẹrin, ìforítì. Bí iṣẹ́ ìṣirò kan bá kọ̀ lónìí, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ kírun, ẹ sùn, kí ẹ tún padà sí i lọ́la. Ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ àti ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá ni ó sọ fún wa pé àìmọ̀kan ni kí a sọ̀rètí nù.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Àáfà Muhammad al-Kishnawi, kí Ó forí àṣìṣe rẹ̀ jìn ín, kí Ó sì fún àwa náà ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní láyé àti ní ọ̀run. Àmín. Ẹ má gbàgbé oníléemárùn-ún yín o. Bí ìlà kan bá jẹ́ 64, ẹ má sùn. Ilé kan ti ṣì wọ̀.